Ẹ Sọ Fún Ajá Kí Ọmọ Tó Dé

Ẹ̀yin tí ajá wà nínú ilé yín gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ohun kékeré létí yín, ṣùgbọ́n ó ti mú ẹ̀jẹ̀ jáde nínú ilé tèmi rí.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí tí ìyàwó ọmọ mi bí àkọ́bí rẹ̀. A ní ajá kan, akọ, pupa rúsúrúsú, Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ẹnu ọ̀nà yàrá mi ló ń sùn. Bí mo bá jí láàárọ̀ láti lọ kí Ifá, òun ni n ó kọ́kọ́ dá kọjá. Ìyàwó yìí ló máa ń fún un lóúnjẹ, tí yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Títí oyún fi pé oṣù mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó ronú kan ajá.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ dé láti ọsibítù, ilé kún. Tanímọ̀la sáré jáde, ó fò mọ́ ìyálọ́mọ bó ṣe máa ń ṣe, ni gbogbo ilé bá pariwo. Ẹnì kan fi ìgbálẹ̀ nà án. Èmi fúnra mi ni mo wọ́ ọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo so ó mọ́ ìdí ọsàn. A kò so ajá yìí rí. Ó ké fún òru mẹ́ta, kò jẹun dáadáa, bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ọmọ kọjá níbẹ̀, yóò máa kùn. Ìyá wa kan ní, "Ẹ ò rí i pé ajá yìí kórìíra ọmọ!"

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn ọmọdé tú u sílẹ̀. Ó rí eegun ewúrẹ́, ó dùbúlẹ̀ tì í. Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fẹ́ fọwọ́ pa á lórí. Ajá bù ú jẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìwọ̀n ìka kan ló kù kó kan ojú. Àpá náà wà níbẹ̀ títí dòní.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ọkùnrin ilé wa jókòó, wọ́n ní kí a mú ajá náà bọ Ògún kó tán. Mo ní rárá. Ògún ń gba ajá, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojúbọ kì í ṣe ààtàn tí a ń da ohun tó bá sú wa sí. Bí Ògún bá bèèrè, a ó fún un. Kò bèèrè. Àwa la ṣe àṣìṣe, a wá fẹ́ fi ẹbọ bò ó mọ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, dókítà ti ní kí a máa ṣọ́ ajá náà fún ọjọ́ mẹ́wàá bóyá àmì dìgbòlugi yóò yọ lára rẹ̀. Bí a bá pa á, kí la fẹ́ máa ṣọ́?

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni mo ti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣí mi lójú. Ó ní, "Bàbá, ta ló sọ fún ajá yín pé àlejò ń bọ̀?" Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ajá kì í jowú ọmọ bí orogún ṣe ń jowú. Àyípadà òjijì ló ń dà á láàmú. Bí ibùsùn rẹ̀ bá kúrò, tí oúnjẹ rẹ̀ ń pẹ́, tí ọwọ́ tó ń pa á lórí di ọwọ́ tó ń nà án, tí òórùn tuntun àti igbe tuntun sì wọlé lọ́jọ́ kan náà, ọrùn ọmọ ni yóò so gbogbo ìyà yẹn mọ́. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ yí padà, ẹ ti yí i padà ní oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ọmọ tó dé. Mo mọ̀ pé àwa kì í tètè pariwo oyún síta, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá kì í ṣòfófó. Òun lẹ lè kọ́kọ́ sọ fún.

Nígbà tí oyún kejì dé, ọgbọ́n ti kọ́ wa. Ibùsùn la kọ́kọ́ mú. Mo gbé àpò ìrẹsì tí Tanímọ̀la ń sùn lé lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta. Bó bá ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo máa ń ju orí ẹja gbígbẹ sí i. Lóru, yóò tún padà wá sẹ́nu ọ̀nà mi. N ó dìde, n ó mú un padà jẹ́jẹ́, láìpariwo. Ọjọ́ kọkànlá ló tó gbà. A wá fi pákó dábùú ẹnu ọ̀nà yàrá ìyálọ́mọ, kó ga tó orúnkún. Ajá lè wo inú, kò lè wọlé. Ẹ má ti ilẹ̀kùn pátápátá mọ́ ọn, nítorí ohun tí kò bá rí ni yóò máa họ ilẹ̀kùn nítorí ẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni a gbà á kúrò lọ́wọ́ ìyàwó, ó bọ́ sọ́wọ́ èmi àti àbígbẹ̀yìn mi. Ti fífò mọ́ èèyàn ló le jù. Bó bá fò, gbogbo wa yóò kẹ̀yìn sí i, a ò ní sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kan ilẹ̀ la tó ń kí i. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ fún wa, torí inú rẹ̀ máa ń dùn bí ajá bá fò mọ́ ọn. A bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbọ́.

Àbúrò mi gba igbe ọmọ aládùúgbò sórí fóònù. Bí ajá bá ń jẹun, a máa ń tan igbe yìí, kí ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ rẹlẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó sá lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. A kò fi ipá mú un, a tún dín ohùn náà kù, a wá ń fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bó ṣe ń jẹun lọ nìyẹn. Ọmọbìnrin mi fi adí pa ìrọ̀rí kan lára, ó fi ọ̀já pọ̀n ọ́n kiri àgbàlá, kí òórùn adí àti ìrìn ẹni tó pọnmọ lè mọ́ ajá lára. Àwọn ará ìta ń wo ọmọ mi, wọ́n rò pé nǹkan ń ṣe é.

Bí ìyàwó ti bímọ, ọkọ rẹ̀ mú aṣọ tí wọ́n fi wé ọmọ wá sílé. Mo dì í mú lọ́wọ́, mo jẹ́ kí Tanímọ̀la gbóòórùn rẹ̀ fúnra rẹ̀, n ò fi ra á nímú. Lọ́jọ́ tí wọn yóò dé, mo mú un rìn lọ rìn bọ̀ lọ́nà oko títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìyálọ́mọ wọlé lọ́wọ́ òfo, ó kí ajá rẹ̀ dáadáa, ìyá àgbà sì ti gba ẹ̀yìn gbé ọmọ wọlé. Ìrọ̀lẹ́ la tó jókòó pọ̀, ajá wà lórí okùn tí kò le, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ló wà láàárín wọn. Ó wò ó, ó jurù, ó dùbúlẹ̀. Ọjọ́ kejì ló tó gbóòórùn àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ilé ọ̀rẹ́ mi ló wà títí àlejò fi lọ tán tí a sì gbá gbogbo eegun mọ́lẹ̀.

Ẹ kọ́ láti máa ka ojú ajá yín. Ajá tó ń gbójú kúrò, tó ń lá ẹnu nígbà tí kò sí oúnjẹ, tó ń yán nígbà tí oorun kò kùn ún, tó mú etí lẹ̀ mọ́ orí, tàbí tó ṣàdédé dúró gbagidi, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ́ òun lọ́rùn. Kíkùn ajá, àánú ló fi ń ṣe wá. Bí ẹ bá nà án títí tí kò fi kùn mọ́, eyín ló kù tí yóò fi sọ̀rọ̀. Ẹ gbé ọmọ kúrò, ẹ fi ajá sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ wá wo ohun tó fà á. Ẹ má sì fi ọmọ ọwọ́ àti ajá sílẹ̀ nìkan, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ì báà jẹ́ ajá tó mọ́ yín lára jù láyé. Nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rákò, ẹ tún ṣọ́ra lẹ́ẹ̀kan sí i, torí nígbà yẹn òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ fa ìrù ajá.

Àwọn àgbà wa a máa pe ajá kó wá jẹ ìgbẹ́ ọmọ, nígbà mìíràn kó lá ìdí ọmọ pẹ̀lú. Mo bá a nínú ilé wa, èmi náà pe ajá bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ajá kò mọ ibi tí ìgbẹ́ parí sí àti ibi tí ara ọmọ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lè kó aràn ran ọmọ. Bí ẹ bá ń sin ibi ọmọ, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn, kí ẹ gbé òkúta lé e, torí ajá yóò wú u.

Ẹ lọ gún ajá yín lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún, kí ẹ sì fún un ní oògùn aràn ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ènìyàn tí dìgbòlugi mú, ó tó 99 tó jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń là á já. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi babaláwo ni mo ń sọ ọ́: ẹ má ṣe kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ mi wá. Bí ẹ bá ti gba abẹ́rẹ́ tán, ẹ wá, a ó dá Ifá sí i.

Ẹnìkan bi mí pé, Ifá ní ajá ni èèwọ̀ ọmọ òun, ṣé kí òun lé ajá jáde? Ẹ bi babaláwo tó tẹ ẹ́ jáde fún yín bó ṣe jẹ́ gan-an, torí lọ́pọ̀ ìgbà, jíjẹ ẹran ajá ni wọ́n kà léèwọ̀ fún un. Ajá tí ẹ bá lé síta, tí kò gba abẹ́rẹ́ mọ́, àdúgbò kan náà ló ń rìn kiri.

Tanímọ̀la ti di arúgbó báyìí, etí rẹ̀ kan kò gbọ́rọ̀ mọ́. Ọmọ kejì yẹn ti pé ọdún mẹ́ta. Bí ajá bá ń jẹun, òun ló ń lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tún gbé pákó yẹn jáde, mo fi dábùú ẹnu ọ̀nà yàrá. Ẹ má tíì bi mí léèrè ìdí rẹ̀.