Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Níbo ni "camp" ti wá?

Ní ibùdókọ̀ Bẹ́gà l'Ékòó, kọ̀ńdọ́ á máa pariwo: "Ìbàfò, Mówè, Kám̀pù!" Ta ló ni ọ̀rọ̀ "Kám̀pù" yẹn gan-an?

1. Èdè Látìnì ni: campus, ìyẹn pápá gbalasa. Ní Róòmù, Campus Martius làwọn ọmọ ogun ti ń dánra wò.

2. Látinú èdè Faransé ni camp ti bọ́ sẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì: àgọ́ ọmọ ogun. Champion, ẹni tó wọ pápá jà, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni. Ní 1774, Princeton ní Amẹ́ríkà ti ń pe ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní campus.

3. Kám̀pù ìjọ Rìdíìmù tí kọ̀ńdọ́ ń pè ńkọ́? Wọ́n ti sọ Redemption Camp di Redemption City. Ilé àti báńkì kún ibẹ̀, àgọ́ kọ́ mọ́. Kọ̀ńdọ́ ò kàn gbà ni!

Ẹ ṣe é ní ṣíà fáwọn ará Ìbàfò.