Bàálù Tó Dúró Sójú Kan Ni Kí Ẹ Sá Fún: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ojú Lásán Fò Lórí New York

Tí ẹ bá ti rí fídíò àwọn bàálù kéékèèké tó ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé gogoro New York, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti bi ara yín pé: ta ló gbà wọ́n láyè? Pápákọ̀ òfurufú ńlá mẹ́ta ló wà lágbègbè yẹn: JFK, LaGuardia àti Newark. Àwọn bàálù ńláńlá ń gbéra, wọ́n ń balẹ̀, láti àárọ̀ títí di òru. Báwo wá ni Cessna oníjókòó mẹ́rin ṣe ń rí àyè kọjá láàárín wọn?

Ọ̀nà kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ojú òfurufú tó yí àwọn pápákọ̀ yẹn ká ni wọ́n ń pè ní Class B. Ẹ fojú inú wò ó bíi kéèkì ìgbéyàwó alájà mẹ́ta tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀: ó kéré nísàlẹ̀, ó ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ sókè. Awakọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ àfi tí àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ bá sọ fún un lórí rédíò pé kó wọlé. Ṣùgbọ́n lórí odò Hudson, wọ́n gé díẹ̀ kúrò lára kéèkì yẹn, láti ojú omi títí dé ẹsẹ̀ bàtà 1,300 (bíi mítà 400). Níbẹ̀, awakọ̀ kò nílò àṣẹ yẹn.

Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀ ni VFR. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le rárá: ojú yín lẹ máa fi wo ọ̀nà, ojú yín náà lẹ máa fi yẹra fún ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí ojú ọjọ́ fi gbọ́dọ̀ mọ́. Tí kùrukùru bá bolẹ̀, kò sí VFR lọ́jọ́ yẹn.

Ṣé ojú nìkan tó?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní bàálù méjì ń bọ̀ wá pàdé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sá eré kìlómítà 200 ní wákàtí kan. Àlàfo àárín wọn á máa fi mítà 111 dín kù ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. FAA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù ní Amẹ́ríkà, sọ pé láti ìgbà tí ojú bá ti kọ́kọ́ kan nǹkan títí bàálù á fi yà lóòótọ́, ó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 12.5. Márùn-ún nínú rẹ̀ ló ń lọ kí ọpọlọ tó mọ̀ pé "a fẹ́ kọlura o!" Mẹ́rin tún ń lọ kí awakọ̀ tó pinnu ibi tó máa yà sí.

Ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ ti rí ẹnì kejì láti nǹkan bíi kìlómítà 1.4, ó kéré tán. Báwo ni Cessna ṣe máa tóbi tó láti ibẹ̀? Ẹ na ọwọ́ yín gbọọrọ, kí ẹ mú hóró ìrẹsì kan dání. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó burú jù ló kù. Bàálù tó ń bọ̀ wá kọlù yín kì í rìn kiri nínú gíláàsì yín. Tí ẹ̀yin méjèèjì kò bá yí eré padà, tí ẹ kò yà, tí ẹ sì jọ forí lé ibì kan náà, ojú kan ṣoṣo lẹ máa máa rí i sí. Èyí tó bá ń sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń kọjá lọ ni. Ohun tó ń mira sì ni ojú èèyàn tètè ń rí. Nítorí náà, èyí tó léwu jù gan-an ló rọrùn jù láti fojú fò. Á dà bí àmì kékeré lára gíláàsì títí di ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan tó kẹ́yìn, kó tó ṣàdédé di ńlá.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ, ọdún 2009

Ọjọ́ Sátidé ni, ọ̀sán kò tíì pọ́n. Bàálù Piper kan tó gbé èèyàn mẹ́ta gbéra láti Teterboro ní New Jersey. Hẹlikópítà kan náà gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ márùn-ún láti Ítálì, pẹ̀lú awakọ̀ wọn. Piper ń bọ̀ lẹ́yìn, hẹlikópítà ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Abẹ́ ni apá Piper wà, kì í jẹ́ kí awakọ̀ rí ìsàlẹ̀ dáadáa. Awakọ̀ hẹlikópítà ní tirẹ̀ kò lójú lẹ́yìn. Wọ́n kọlura lórí odò. Gbogbo èèyàn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló kú.

Àwọn olùṣèwádìí ìjọba sọ pé ibi tí agbára ojú mọ ló kọ́kọ́ fà á. Wọ́n tún rí i pé òṣìṣẹ́ tó ń darí Piper láti ilẹ̀ wà lórí fóònù, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò kan iṣẹ́. Nígbà tó ní kí Piper yí rédíò sí ìlà mìíràn, nọ́ńbà tí awakọ̀ tún kà kò tọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe. Piper kò sì sí lórí ìlà tí àwọn tó wà lórí odò ń lò.

Wọ́n ran ojú lọ́wọ́

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kí ọdún yẹn tó parí, ohun tó jẹ́ ìmọ̀ràn lásán tẹ́lẹ̀ ti di òfin:

- Ẹni tó kàn ń kọjá á wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí 1,300. Hẹlikópítà tó ń gbé àwọn èèyàn wo ìlú àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò á wà lábẹ́ 1,000.
- Ọwọ́ ọ̀tún ni kálukú máa gbà, bíi mọ́tò lójú títì Nàìjíríà. Tó bá ń lọ sí àríwá, á sún mọ́ Manhattan. Tó bá ń lọ sí gúúsù, á sún mọ́ New Jersey.
- Eré kò gbọ́dọ̀ ju bíi kìlómítà 260 ní wákàtí kan lọ.
- Gbogbo wọn á wà lórí ìlà rédíò kan, 123.05. Tí wọ́n bá dé àwọn ibi kan, bí afárá George Washington tàbí ère Statue of Liberty, wọ́n á sọ irú bàálù tí wọ́n ń wà, ibi tí wọ́n wà, ibi tí wọ́n ń lọ àti bí wọ́n ṣe ga tó.

Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ìkankan nínú òfin wọ̀nyí tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ojú. Wọ́n kàn ń sọ ibi tó yẹ kí ojú wò fún un ni. Nígbà tí awakọ̀ bá gbọ́ "mo wà lórí afárá, mò ń bọ̀ sí gúúsù," ó ti mọ igun tó máa wá hóró ìrẹsì rẹ̀ sí. Kò sì ní kàn máa yí ojú káàkiri. Wọ́n ń kọ́ wọn pé kí wọ́n máa wo òfurufú ní ègé-ègé, kí wọ́n dúró bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí ègé kọ̀ọ̀kan, torí pé ojú tó ń sáré kì í rí nǹkan kékeré.

Nítorí náà, tí ẹ bá tún rí irú fídíò yẹn, ẹ má kàn wo àwọn ilé gogoro. Ẹ tẹ́tí sí rédíò. Àwọn ohùn tó ń dárúkọ afárá àti ère yẹn, wọ́n ń sọ fún ẹni tí kò tíì rí wọn pé àwọn wà níbẹ̀ ni.