Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù n'Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré: Bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣírò owó inú tíkẹ́ẹ̀tì

Bí Sátidé bá ti pé, tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ẹ́ wọ pápá, èrò a máa pọ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ n'Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń bẹ níbẹ̀, ọlọ́kadà ń bẹ níbẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbowó kòkó bọ̀ láti Ìsẹ̀ tàbí Èmùré náà kì í gbẹ́yìn. Ẹni tí kò ráyè dé ṣọ́ọ̀bù, fóònù ọwọ́ rẹ̀ tó o. Wọ́n mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal àti Chelsea bí ẹni mọ orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló mọ bí ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ṣe ń ṣírò èrè tirẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó oògùn kòkó ń gbà lọ.

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Kí fóònù tó dé ni àwọn baba ti ń ta púùlù, tí wọ́n ń fi bírò sàmì sí ìwé, tí wọ́n ń wá àwọn ẹgbẹ́ tí yóò gbá ọ̀mì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá gba ìsinmi, wọn a kọjú sí ti Ọsirélíà, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn kò lè tọ́ka sí lórí máàpù. Ní 2009 ni Akin Alabi dá Nairabet sílẹ̀, tí títa á lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀.

Lábẹ́ òfin, ilé-iṣẹ́ tó bá gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba nìkan ló lè gba tẹ́tẹ́. Ìjọba wo wá ni? Ìbéèrè yìí gbé ìpínlẹ̀ Èkìtì dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 2005, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lọ́tìrì, ó sì gbé àjọ kan dìde láti máa fún àwọn ilé-iṣẹ́ láṣẹ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìpínlẹ̀ Èkó pẹjọ́ ta kò ó ní 2008. Nígbà tó yá, Èkìtì dara pọ̀ mọ́ Èkó gẹ́gẹ́ bí olùpẹjọ́. Ní ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, ọdún 2024, àwọn adájọ́ méje fẹnu kò, Adájọ́ Mohammed Idris sì ka ìdájọ́ náà pé àwọn aṣòfin àpapọ̀ kò láṣẹ láti ṣòfin lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ fún àwọn ìpínlẹ̀. Àbújá nìkan ni òfin 2005 ṣẹ́kù sí. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wà l'Ádó-Èkìtì ló wá ni ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó wà n'Ìkẹ́rẹ́.

Àṣẹ ìjọba dára, nítorí ilé-iṣẹ́ tí kò ní in lè kówó èèyàn sá lọ. Ṣùgbọ́n àṣẹ kò sọ pé ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ yóò jèrè.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ká mú ẹni tí yóò borí. Bí Shooting Stars bá ń gba Enyimba lálejò n'Ìbàdàn, 1 dúró fún Shooting Stars, 2 dúró fún Enyimba, X sì ni ọ̀mì. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà lè mú méjì pọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ yóò kéré. Ófà 2.5 ni pé góòlù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò wọlé. Ọ́ńdà ni òdìkejì rẹ̀. GG ni pé ẹgbẹ́ méjèèjì yóò gbá góòlù wọlé. Ohun kan wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù: àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àti ìwọ̀nba tí rẹfirí bá fi kún un ni wọ́n máa ń kà fún irú tẹ́tẹ́ wọ̀nyí. Góòlù tó bá wọlé nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àfikún tàbí pẹnárítì àṣekágbá kò sí nínú rẹ̀.

Ọ́ọ̀dì ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Bí ó bá jẹ́ 1.85, ẹni tó fi 1,000 náírà ta á yóò gba 1,850 bó bá jẹ, owó tó fi ta á wà nínú rẹ̀. Ká ní ófà jẹ́ 1.85, ọ́ńdà náà jẹ́ 1.85, tí èèyàn méjì sì mú ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú 1,000 náírà. Ilé-iṣẹ́ gba 2,000, ó san 1,850. Ẹni yòówù kó jẹ, 150 náírà ti kù sí i lọ́wọ́.

Èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n to ìdíje púpọ̀ sí, tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù nítorí pé 100 náírà lè di ọ̀kẹ́ àìmọye. Bí ẹnì kan bá to irú ìdíje yìí mẹ́wàá, 100 náírà rẹ̀ yóò di nǹkan bí 46,960 bí gbogbo rẹ̀ bá bọ́ sí i. Bí ìdíje kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìdajì-ìdajì, ọ̀nà 1,024 ló wà tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lè gbà parí. Ká ní èèyàn 1,024 ta á, tí kálukú mú ọ̀nà tirẹ̀: ilé-iṣẹ́ gba 102,400 náírà, ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ, ó sì gba 46,960. Èyí tó kù lé ní 55,000. Abájọ tí ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kan fi ń yá láti ṣe àfikún owó fún ẹni tó bá to ìdíje rẹpẹtẹ.

Nígbà mìíràn, tí ìdíje mẹ́jọ bá ti bọ́ sí i tó ku méjì, ilé-iṣẹ́ yóò fi iye kan lọ ẹni tó ni tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù rẹ̀ pé kó gbà á kó má dúró mọ́. Ọ̀pọ̀ a máa rò pé àánú ni. Ilé-iṣẹ́ ló ṣírò iye náà, ó sì ti tún yọ èrè tirẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó fi lọ̀ wọ́n.