Àkúdàáyà Inú Sinimá

Oríṣiríṣi ni ẹ̀rù tí ń ba ọmọ ènìyàn. Ẹ̀rù kan wà tí ojú ń rí: ẹ̀rù ẹkùn nínú igbó, ẹ̀rù ejò lábẹ́ ewé, ẹ̀rù iná tí ń jó òrùlé. Kò ṣòro láti mọ ìdí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí ó fà á wà níwájú ẹni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kejì wà tí kò lójú, tí kò lẹ́sẹ̀, tí ó jẹ́ pé inú ọkàn ènìyàn ni ó fi ṣe ibùgbé. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ń bà lè wà láàrin ọjà ní ọ̀sán gangan kí àyà rẹ̀ sì máa já. Àwọn tí ń ṣe sinimá ti mọ ìyàtọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn kan nínú wọn a máa fi ẹ̀jẹ̀ àti ariwo dẹ́rù ba òǹwòran. Àwọn mìíràn a sì máa wá ọ̀nà láti jí ẹ̀rù tí ó sùn sí ọkàn rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn fíìmù irú kejì yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Carnival of Souls ni orúkọ rẹ̀, èyí tí a lè túmọ̀ sí “Àríyá Àwọn Ọkàn.” Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, ọdún 1962 ni ó jáde, dúdú àti funfun nìkan sì ni àwọ̀ rẹ̀. A ó ṣàlàyé bí fíìmù náà ṣe ń dẹ́rù bani, a ó sì ṣàlàyé bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kú tí ó sì tún jí.

Ẹni tí ó darí fíìmù yìí ni Herk Harvey, ará ìlú Lawrence ní ìpínlẹ̀ Kansas. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Centron ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe sinimá ìgbádùn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, bí kò ṣe fíìmù kéékèèké tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìwà, tí a sì fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí Harvey ti ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti California, ó gba ẹ̀bá Adágún Iyọ̀ Ńlá tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Utah kọjá. Níbẹ̀ ni ó ti rí ilé ńlá kan tí ó dá dúró gedegbe, tí oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Saltair ni wọ́n ń pe ilé náà. Ọdún 1893 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ fún ijó àti ìlúwẹ̀ẹ́. Iná jó o ní 1925, wọ́n sì tún un kọ́. Ní 1958 ni wọ́n tì í pa. Omi adágún ti fà sẹ́yìn kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹlẹ́sẹ̀ kan tí ń rìn níbẹ̀ mọ́. Ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti jó rí wá dákẹ́ bí itẹ́ òkú.

Ohun tí Harvey rí yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí ó délé, ó bá John Clifford sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó ní kí ó kọ ìtàn kan fún òun, kí ó sì rí i dájú pé ní ìparí rẹ̀, àwọn òkú yóò jó nínú gbọ̀ngàn náà. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ìparí ìtàn ni ó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ìlú Lawrence ni ó dá owó jọ fún un. Àpapọ̀ gbogbo owó tí wọ́n ná kò ju nǹkan bíi 33,000 dọ́là lọ, owó tí ó kéré púpọ̀ fún sinimá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní àkókò náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fi ya àwọn àwòrán rẹ̀. Wọ́n mú Candace Hilligoss, òṣèré kan tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní New York, láti ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Harvey fúnra rẹ̀ sì kun ojú ní ẹfun, ó ṣe òkú tí ń lé e kiri.

Ìtàn náà kò gùn, kò sì lọ́jú pọ̀. Ọmọbìnrin kan wà tí ń jẹ́ Mary Henry. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ méjì wà nínú ọkọ̀ kan nígbà tí àwọn ọmọkùnrin tí ó wà nínú ọkọ̀ mìíràn pè wọ́n níjà pé kí àwọn jọ fi ọkọ̀ sáré. Bí wọ́n ti ń du iwájú mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lórí afárá onípákó kan, ọkọ̀ àwọn ọmọbìnrin náà yẹ̀, ó sì já sínú odò. Àwọn ènìyàn wá wọn títí, wọn kò rí nǹkan kan, nítorí pé omi náà jìn, ó sì kún fún ẹrẹ̀. Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́ta, Mary nìkan ni ó ti inú omi jáde wá, ẹrẹ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì lè sọ bí òun ti ṣe yọ.

Kò pẹ́ tí Mary fi dágbére fún Kansas, tí ó sì lọ sí Utah láti máa tẹ dùùrù ní ilé ìjọsìn kan. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ lásán ni ó ka dùùrù sí. Kò fi ọkàn sí ìsìn, kò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀rẹ́. Bí ó ti ń wakọ̀ lọ lóru, ojú ọkùnrin funfun kan yọ sí i lójú fèrèsé ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni ọkùnrin yìí kò ti jẹ́ kí ó sinmi mọ́. Nígbà mìíràn, ariwo gbogbo ayé yóò dákẹ́ lójijì: Mary yóò wà láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀bù, yóò bá wọn sọ̀rọ̀, ẹnìkan kò ní gbọ́, yóò dúró níwájú wọn, ẹnìkan kò ní rí i. Orin ẹyẹ kan lórí igi ni yóò tún mú un padà sáàrin alààyè. Lọ́jọ́ kan, bí ó ti jókòó sídìí dùùrù, ọwọ́ rẹ̀ fi orin mímọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orin àjèjì kan tí kò yẹ ilé Ọlọ́run. Àlùfáà gbọ́ ọ, ó sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ìkẹyìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sí Saltair. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn òkú tí wọ́n ń jó, tí ó sì rí ara rẹ̀ láàrin wọn. Ó sá bọ́ sórí iyanrìn, wọ́n sì lé e. Nígbà tí àwọn ènìyàn wá a débẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n rí, tí ó sì dópin lójijì lórí iyanrìn. Ní Kansas, ní àkókò kan náà, wọ́n fa ọkọ̀ àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta náà jáde kúrò nínú odò: òkú Mary wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Òǹkàwé tí ó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá yóò ti rántí ìtàn àkúdàáyà. Àwọn àgbà wa a máa sọ nípa ẹni tí ó kú ní ìlú kan tí ó sì ń gbé ní ìlú mìíràn bí alààyè, tí ó ń ṣòwò, tí ó sì ń bímọ, títí di ọjọ́ tí ẹni tí ó mọ̀ nípa ikú rẹ̀ yóò fi pàdé rẹ̀, tí òun yóò sì pòórá. Ìtàn Mary kò ti ilẹ̀ wa wá, ṣùgbọ́n ó fi ojú jọ tiwa púpọ̀. Ìyàtọ̀ ńlá kan ni ó wà láàrin wọn. Àkúdàáyà tiwa mọ̀ pé òun ti kú. Ìdí nìyí tí ó fi ń sá fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Mary kò mọ̀. Ó ń wá ilé gbé, ó ń wá iṣẹ́ ṣe, ó ń bá dókítà jíròrò nípa ara rẹ̀, kò sì yé e pé kò sí nínú ayé tí òun ń tọrọ àyè nínú rẹ̀. Níhìn-ín gan-an ni ẹ̀rù fíìmù náà ti ń wá. Kò sí ẹni tí a gé lọ́rùn, kò sí ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn. Ohun tí ń bani lẹ́rù ni kí ènìyàn ké kí ẹnìkan má gbọ́, àti kí ó wà láàrin ẹgbẹ́ kí ẹnìkan má kà á kún. Kò sí ẹni tí irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò tí ì kàn rí, bí ó ti wù kí ó kéré tó.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ya àwòrán náà ran ìtàn yìí lọ́wọ́. Ní ọdún 1962, àwòrán aláwọ̀ mèremère ti wọ́pọ̀ ní sinimá, ṣùgbọ́n ó wọ́n ju dúdú àti funfun lọ. Àìlówó ni ó mú kí Harvey yan èyí tí ó rọjú. Síbẹ̀, àǹfààní ni ó já sí. Nínú àwòrán dúdú àti funfun, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí àwọ̀ ìbá ṣe. Ojú funfun kan tí ó bá yọ láti inú òkùnkùn kò ní ìkọ́nilẹ́nu pupa tàbí ti àwọ̀ ewé tí yóò fa ojú wa kúrò lára rẹ̀. Bákan náà ni ti ìró. Orin dùùrù tí Gene Moore ṣe ni ó gba inú fíìmù náà já, nítorí náà nígbà tí ìró bá dákẹ́ pátápátá, àyà òǹwòran a já. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rù yìí ń wọ inú ẹni.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí fíìmù náà lẹ́yìn tí ó jáde. Kò rọ́wọ́ mú. Àwọn tí ó gbà á láti pín in fún àwọn ilé sinimá gé nínú rẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ fíìmù mìíràn, kí àwọn òǹwòran lè rí méjì wò fún owó ẹ̀ẹ̀kan. Ilé-iṣẹ́ apínfíìmù náà wọko gbèsè, èrè kò sì kan Harvey bí ó ti yẹ. Èyí tí ó burú jù ni pé wọn kò kọ àkíyèsí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ sára àwọn ẹ̀dà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé sinimá. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ti ìgbà náà, iṣẹ́ tí a bá tẹ̀ jáde láìní irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ ti di ohun ìní gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni lè dà á kọ, ó sì lè tà á láìsan kọ́bọ̀ fún ẹni tí ó ṣe é. Harvey padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ ní Centron, kò sì darí fíìmù gígùn mìíràn mọ́ títí ó fi kú ní 1996.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Nítorí pé fíìmù náà kò lólówó, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń gbé e jáde lóru, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá a pàdé lójijì nígbà tí oorun kò kùn wọ́n. Nígbà tí ẹ̀rọ fídíò VHS jáde ní ilẹ̀ Japan ní 1976, tí ó sì tàn ká ayé, àwọn oníkásẹ́ẹ̀tì rí i pé àwọn lè ta fíìmù yìí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Báyìí ni ó ṣe wọ ilé dé ilé. Ohun tí ó gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe fíìmù náà ni ó gba fíìmù náà lọ́wọ́ ìgbàgbé. Ní 1989, wọ́n tún gbé e jáde ní àwọn ilé sinimá, àwọn òǹwòran sì yìn ín. Harvey wà láàyè, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Síbẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì ní àléébù tirẹ̀. Bí a bá da kásẹ́ẹ̀tì kọ láti ara kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, díẹ̀ nínú àwòrán náà yóò sọnù. Bí a bá tún da ẹ̀dà yẹn kọ, púpọ̀ sí i yóò sọnù. Dúdú yóò di eérú, funfun yóò sì fọ́ lójú. Nínú fíìmù tí ó jẹ́ pé òjìji ni ó gbé ẹ̀rù rẹ̀ dúró, àdánù kékeré kọ́ ni èyí. Ọ̀pọ̀ ni ó wò ó lórí ẹ̀dà búburú, tí wọ́n sì sọ pé kò dára, láìmọ̀ pé òkùnkùn tí ó yẹ kí ó bà wọ́n lẹ́rù ti ṣá. Ní ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Criterion gbé e jáde lórí àwo DVD méjì, pẹ̀lú èyí tí wọ́n gé, tí ó jẹ́ 78 ìṣẹ́jú, àti èyí tí Harvey fẹ́, tí ó gùn jù ú lọ. Ní 2016, wọ́n tún fọ àwòrán náà mọ́ fún àwo Blu-ray. Ẹni tí ó bá wò ó báyìí yóò rí ilé Saltair kedere, bẹ́ẹ̀ ni ilé náà kò sí mọ́ nítòótọ́, nítorí pé iná tún jó o ní 1970.

Kí ni a rí kọ́ nínú gbogbo èyí? Èkíní ni pé owó púpọ̀ kọ́ ni ó ń sọ iṣẹ́ di ńlá. Harvey wo ilé àlòpatì kan, ó sì ronú jinlẹ̀ nípa rẹ̀. Ìrònú yẹn ni olórí ohun èlò rẹ̀. Èkejì ni pé ó yẹ kí oníṣẹ́ mọ òfin tí ó dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà kò béèrè àkíyèsí náà mọ́ láti 1989, ṣùgbọ́n ìyípadà yẹn kò dá ohun tí ó ti bọ́ padà fún àwọn tí ó ti pàdánù. Ẹ̀kẹta ni pé iṣẹ́ kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ìran tí ń bọ̀ bí kò bá sí ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀. Àwọn àwòrán àtijọ́, ìwé àtijọ́ àti ohùn àwọn àgbà wa pẹ̀lú wà nínú ewu kan náà. Nítorí náà, bí a bá rí iṣẹ́ tí ayé ti pa tì, kí a má ṣe yára kà á sí òkú. Ó lè jẹ́ pé ó ń gbé ní ìlú mìíràn, tí ó ń retí ẹni tí yóò dá a mọ̀.