Àpò ọta ayé ogun Faransé: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó tà á ní Bouaké

Títa ohun àtijọ́ kì í ṣe òwò tí èèyàn ń fi ojú lásán ṣe, pàápàá bó bá jẹ́ ohun ogun. Ní ìlú Bouaké, láàárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀dó sí láti ọjọ́ pípẹ́, ohun ogun kì í ṣe àjèjì. Ọdún 1899 ni àwọn Faransé sọ ibẹ̀ di àgọ́ ológun, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ọwọ́ wọn tẹ Samori Touré. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ló pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ìbọn fún wọn, àwọn tí wọ́n ń pè ní tirailleurs. Nígbà ogun àgbáyé kìn-ín-ní, láti 1914 sí 1918, nǹkan bí 170,000 èèyàn ni wọ́n kó láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn Yorùbá ìhà Kétu tó sá wọ Nàìjíríà nítorí ìkónisógun yìí kò kéré.

Lára ohun tó ṣẹ́kù láyé wọn ni àpò ọta, àpò kékeré tó nípọn, tí wọ́n fi awọ ṣe, tí wọ́n ń so mọ́ bẹ́líìtì. Mẹ́ta ni jagunjagun kan ń so: méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ń wá a, ìdí nìyí tí ayédèrú fi wà lọ́jà.

Kí la fi ń mọ ojúlówó? Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti ìbọn Lebel, tí wọ́n gbé jáde ní 1886. Ọta rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà méje ààbọ̀, mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n sì ń dì í. Àpò tí irú ìdì bẹ́ẹ̀ kò bá lè wọ̀, ti ìbọn mìíràn ni. Ẹ wo abẹ́ ìdérí àti ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹ ó rí orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ mọ́ awọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo òwú. Òwú ayé ọjọ́un, tí wọ́n fi ìda pa, kì í dán. Bí fọ́nrán tó já lára rẹ̀ bá ń yọ́ bí ọ̀rá nígbà tí iná kàn án, dípò kó di eérú, a jẹ́ pé wọ́n tún un rán ni, tàbí kó jẹ́ àná ni wọ́n ṣe é. (Ẹ gé fọ́nrán náà kúrò kí ẹ tó ṣáná sí i o!)

Awọ fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lé lórí. Bí awọ ayé ìgbà yẹn bá gbó, a máa pọ́n, a sì máa ṣí lẹ́búlẹ́bú. Bí àwọn èèyàn wa bá rí i bẹ́ẹ̀, òrí ni wọ́n máa ń fi pa á. Ìpalára gbáà ni! Òrí kò lè jí awọ tó ti kú. Ṣe ni yóò dúdú, eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì máa bu. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ fi gbá a, kí ẹ fi aṣọ funfun wé e, kí ẹ sì gbé e síbi tí oòrùn àti ọ̀rinrin kò dé. Ẹ má dán idẹ ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ orí tó hàn lójú àpò náà ni olùrà ń sanwó fún.

Ọ̀rọ̀ ọta inú rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, 2002, Bouaké ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi ṣe olú ibùdó, ọjọ́ 30, oṣù keje, 2007 ni wọ́n sì dáná sun ìbọn níbẹ̀ láti fi hàn pé ogun ti parí. Nítorí náà, ọta tí ẹ bá bá nínú àpò àtijọ́ lè má jẹ́ ti àtijọ́ rárá, èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ gan-an sì lè bú gbàù. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi tó àwọn agbófinró létí.

Bó bá jẹ́ ti bàbá ńlá yín ni, ẹ wá ìwé iṣẹ́ ológun rẹ̀. Oníṣòwò tó ra àpò, tó tún ní kí ẹ fi ìwé ṣe ènì, mọ ohun tó ń wá. Ẹ kọ orúkọ bàbá náà, ìlú rẹ̀ àti ogun tó jà sílẹ̀, kí ẹ sì fi pa mọ́ pẹ̀lú àpò náà.