Ta Ló Gbé Òfin Ìbanilórúkọjẹ́ Dé?

Nídìí àtẹ oníwèé ìròyìn kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, àwọn tó máa ń dúró ka àkọlé ń jiyàn. Ọlọ́pàá ti gbé oníròyìn kan nítorí ohun tó kọ nípa olóṣèlú. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní àwọn ṣọ́jà ló fi òfin yìí jẹ wá níyà. Bàbá arúgbó kan tó ti ṣiṣẹ́ rí nílé ìtẹ̀wé dá a lóhùn pé: "Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí bàbá rẹ ni wọ́n ti ń fi í sọ èèyàn sẹ́wọ̀n."

Òótọ́ ni bàbá sọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kó o wọ̀lú mọ́ àwọn òfin wọn yòókù, wọ́n sì fi òfin ọ̀tẹ̀ lé e ní 1909. Nínú àwọn tí irú òfin bẹ́ẹ̀ sọ sẹ́wọ̀n, ẹni tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ìjọba lé ọba Èkó, Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ, lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925, Èkó sì pín sí méjì. Ẹ̀yìn ọba ni Macaulay wà gbágbágbá, òun àti Dókítà Caulcrick ló sì ni Lagos Daily News. Ní 1928, ìwé ìròyìn náà gbé àhesọ kan jáde pé àwọn kan ń dìtẹ̀ láti pa Ẹlẹ́kọ bó bá ń bọ̀ nílé. Wọ́n gbé Macaulay lọ sí kóòtù, ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún sì fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Kò dára kéèyàn tẹ àhesọ jáde bí òótọ́. Ṣùgbọ́n kí ló kan ẹ̀wọ̀n?

Àwọn baba wa náà kò fẹ́ kí wọ́n parọ́ mọ́ni. Síbẹ̀, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ìbáwí: lọ́jọ́ Òkèbàdàn, ìjòyè kì í bínú sẹ́ni tó fi orin bú u. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹlẹ́fẹ̀ a máa tú àṣírí àwọn ọlọ́lá láìbẹ̀rù. Àyè yẹn ti ń fún mọ́ wa lọ́rùn.

Ọ̀dọ́kùnrin yẹn náà kò kúkú jẹ̀bi tán. Ní 1984, Dìkíríì 4 ìjọba ológun Buhari rán Túndé Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian lẹ́wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan. Òfin yẹn lè mú oníròyìn bí ohun tó kọ bá ti lè sọ aláṣẹ di ẹni ẹ̀sín. Babangida fagi lé e lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àmọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú ìwé òfin wa.

Ghana pa tirẹ̀ rẹ́ ní 2001. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbé e wá pàápàá pa tiwọn rẹ́ ní 2009. Ẹ̀yin aṣòfin wa, ẹ yọ ẹ̀wọ̀n kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bà lórúkọ jẹ́, kí ó gba owó gbà-má-bínú ní kóòtù, kí ìwé ìròyìn sì tọrọ àforíjì lójú ìwé àkọ́kọ́.