Gíga Ẹ̀yìn Alùpùpù àti Ẹrù Tí Ó Ń Gbé

Ní Ṣẹ̀kọ̀nà, níbi tí ọ̀nà Ẹdẹ, ọ̀nà Gbọ̀ngán àti ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ ti pàdé, alùpùpù jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ń kó ẹrù oko wọ ìlú. Kòkó, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa ni a ń dì sí ẹ̀yìn rẹ̀, a sì tún ń rí èrò tí ó há sí àárín ẹrù àti ẹni tí ń wà á. Ẹni tí ó bá dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó sì wò dáadáa yóò rí i pé ìdí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wọlẹ̀, imú wọn sì gbé sókè bí ajá tí ó jókòó. Ìjókòó bí ajá yìí lè pa ènìyàn, pàápàá ní alẹ́. Bí ẹrù kò bá sì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, àtúnṣe rẹ̀ kò ná ni ní kọ́bọ̀.

Lábẹ́ ìjókòó alùpùpù, ní ọ̀tún àti ní òsì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, irin méjì wà tí sípíríǹgì yí ká. Ṣọ́ọ̀kì ni àwọn mẹ́káníìkì ń pè wọ́n. Sípíríǹgì náà ni ó ń ru ẹrù, òun ni ó sì ń súnkì nígbà tí ẹsẹ̀ bá kan òkúta. Òróró tí a sé mọ́ inú irin náà ni kì í jẹ́ kí sípíríǹgì máa fò sókè sódò lẹ́yìn tí òkúta ti kọjá. Àwọn alùpùpù àtijọ́ mìíràn kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá. BSA Bantam tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1948, irin gbọnrangandan ni wọ́n fi de ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, sípíríǹgì abẹ́ gàárì nìkan ni ó sì ń gba ẹni tí ń gùn ún sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gun irú rẹ̀ rí lórí ọ̀nà oko kò ní fi ṣọ́ọ̀kì ṣeré.

Kí ni ó burú nínú kí ẹ̀yìn wọlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á wo ènìyàn méjì tí wọ́n fi ọ̀pá gbé ẹrù kan. Bí ẹrù náà bá wà láàárín, àwọn méjèèjì ni ó ń wọ̀ lọ́rùn. Bí ó bá yọ̀ sẹ́yìn, ẹni ẹ̀yìn yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹni iwájú yóò sì máa rìn bí ẹni tí kò gbé nǹkan kan. Bí ó bá wá kọjá èjìká ẹni ẹ̀yìn, ọ̀pá náà yóò gbéra kúrò lórí èjìká ẹni iwájú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni alùpùpù rí. Àwọn oníkòkó a máa ka àpò 16 sí tọ́ọ̀nù kan. Nípa bẹ́ẹ̀, àpò kan wúwo tó kìlógíráàmù 62 àti ààbọ̀, ìyẹn ni pé ó tó àgbàlagbà ènìyàn kan. Bí a bá so ó mọ́ kárià sẹ́yìn pátápátá, tí ó kọjá àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan ni ó ń tẹ̀, ó ń gbé iwájú pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ iwájú tí kò tẹ ilẹ̀ dáadáa kì í gbọ́ràn sí ọwọ́ lẹ́nu, bíréèkì rẹ̀ kò sì lè di ilẹ̀ mú. Iná iwájú náà yóò máa wo ojú sánmà. Awakọ̀ tí ó ń ti Òṣogbo bọ̀ ní òru yóò gba iná náà sí ojú, ẹni tí ó sì gun alùpùpù kò ní rí kòtò tí ó wà níwájú rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ní ìsàlẹ̀ sípíríǹgì ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì, òrùka irin kan wà tí a gé etí rẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Ó lè ní ipele 3, ó sì lè ní 5. Bí a bá yí i, sípíríǹgì yóò gun ipele tí ó ga jù, ẹ̀yìn alùpùpù yóò sì gbé sókè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé bí a bá ti yí òrùka yìí dé òkè, sípíríǹgì ti di alágbára, a sì lè fi àpò kan lé ti tẹ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì tí ẹrù kan ń mú súnkì kò ní le sí i nítorí pé a gbé e jókòó sórí àpótí. Ohun tí òrùka ń ṣe ni pé ó ń dá gíga tí ẹrù ti gbà padà, kí àyè lè ṣẹ́kù tí ṣọ́ọ̀kì yóò fi gba kòtò. Ẹrù tí ó bá ju agbára sípíríǹgì lọ ní ipele kìíní, ó ju agbára rẹ̀ lọ ní ipele karùn-ún pẹ̀lú.

Téèpù aránṣọ kan tó láti mọ ipele tí ó yẹ. A ó gbé alùpùpù sórí ìdúró àárín rẹ̀ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn má kan ilẹ̀, a ó fi ẹfun sàmì sí ara irin tí ó wà lókè ẹsẹ̀ náà, a ó sì wọn ìjìnnà láti àárín ẹsẹ̀ títí dé ibi àmì. Lẹ́yìn èyí, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó di ẹrù tí a sábà ń gbé sí i, ẹni tí ń wà á yóò jókòó, ẹnì kan yóò sì di ọwọ́ alùpùpù mú. Kí ó fi ìdí tẹ ìjókòó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí sípíríǹgì lè fìdí múlẹ̀, kí a tó tún un wọ̀n. Lára àwọn alùpùpù kékeré tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, bí ìyàtọ̀ náà bá tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3, ó dára. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó gbé òrùka sókè ní ipele kan, a ó sì tún wọ̀n. Bí ìyàtọ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 1, ẹ̀yìn ti ga jù: ẹsẹ̀ yóò máa fò kúrò nílẹ̀ ní gbogbo gegele, bíréèkì ẹ̀yìn yóò sì máa yọ̀. Bí òrùka bá ti dé òkè pátápátá tí ìyàtọ̀ ṣì pọ̀, ẹrù ni kí a dín kù.

Nígbà tí a bá fẹ́ yí òrùka, kí ẹrù ti kúrò, kí alùpùpù sì wà lórí ìdúró. A ó fọ ẹrẹ̀ kúrò, a ó kán òróró díẹ̀ sí i, a ó sì fi sípánà ẹlẹ́nu kọ́kọ́rọ́ tí a ṣe fún un yí i. Àwọn kan a máa fi òòlù àti irin gbá a. Irú ìgbákúgbà bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ etí àtẹ̀gùn náà tí òrùka fi ń yọ̀ padà fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ipele kan náà ni ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ wà. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, irin tí ó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú yóò máa lọ́.

Òrùka kò sì lè wo ṣọ́ọ̀kì tí òróró rẹ̀ ti jò sàn. Kí a tẹ ẹ̀yìn alùpùpù mọ́lẹ̀, kí a sì fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá dìde lẹ́ẹ̀kan tí ó dúró, ara rẹ̀ le. Bí ó bá ń jó sókè sódò, ṣọ́ọ̀kì méjèèjì ni kí a pààrọ̀. Ki igi tàbí rọ́bà bọ àárín sípíríǹgì kì í ṣe àtúnṣe. Èyí tí ó burú jù ni kí a jó irin mọ́ ìdí ṣọ́ọ̀kì kí ó lè gùn sí i nítorí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko: ibi tí a jó lè dá lójijì, ìdúró ẹ̀gbẹ́ yóò sì kúrú jù, alùpùpù yóò sì ṣubú níbi tí a gbé e sí.

Ní ti èrò, òfin ìrìnnà Nàìjíríà kò gbà ju ẹnì kan lọ lẹ́yìn awakọ̀. Ẹrù tí ó wúwo jù ni kí ó súnmọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, kí ó sì wà nísàlẹ̀, kí èyí tí ó fúyẹ́ wà lẹ́yìn.

Bí gíga ẹ̀yìn bá ti yí padà, ṣéènì náà ti yí padà, nítorí náà kí a tún un yẹ̀ wò. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù, ó yẹ kí a lè fi ìka gbé àárín rẹ̀ sókè sódò ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Ní ìrọ̀lẹ́, kí a tan iná iwájú sí ara ògiri pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, kí a sì rí i pé ó ń wo ìsàlẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti tú ẹrù sílẹ̀ lọ́jà, kí a dá òrùka méjèèjì padà sí ipele tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ kí a tó gun alùpùpù náà lófìfo padà sí oko.